Ìbéèrè Tó Máa Ń Wáyé Nípa Ibojì Àwọn Ọba Xixia ní Ningxia

Ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́ ẹ wà ní Guangzhou, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ wà ní Xi'an àti Beijing, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbéra láti ilé, ìbéèrè kan náà lẹ ń béèrè ṣáá. A ti kó ìdáhùn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ta kókó ló gbẹ̀yìn.

Kí ló wà níbẹ̀ gan-an?

Ibojì àwọn ọba Xixia ni, ìjọba kan tó wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà láti ọdún 1038 títí di 1227. Ẹ̀yà Tangut ló dá a sílẹ̀. Ẹsẹ̀ Òkè Helan ni wọ́n sin àwọn ọba wọn sí, lórí ilẹ̀ gbígbẹ tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Yinchuan tó jẹ́ olú ìlú ẹkùn Ningxia. Ibojì ọba mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ibojì kéékèèké 271 ti ìbátan ọba àti àwọn ìjòyè, ahoro ilé ńlá kan ní apá àríwá, àti ibi 32 tí wọ́n gbẹ́ tàbí tí wọ́n mọ láti fi darí àgbàrá tó ń ya wá láti orí òkè. Ilẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 kìlómítà onígun mẹ́rin.

Ohun tí ojú yóò kọ́kọ́ rí ni òkìtì amọ̀ gàgàrà tó dá dúró nínú pápá, tí òkè sì nà tàntàn lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù Keje ọdún 2025 ni UNESCO kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Òun ló sọ ti Ṣáínà di 60.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ yẹn?

Ó sún mọ́ “Ṣíṣíà”. Ibojì náà ni wọ́n ń pè ní Xixia Ling. Ẹ fi àmì mẹ́ta yìí pa mọ́ sínú fóònù yín: 西夏陵. Bí ohùn yín bá ṣì, dírẹ́bà takisí lè má gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń wí, àmọ́ tó bá rí àmì yẹn, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ṣé ibẹ̀ ni àwọn ère ọmọ ogun tí wọ́n fi amọ̀ mọ wà?

Rárá o. Xi'an ni wọ́n wà, níbi ibojì Qin Shi Huang, ọba ńlá àkọ́kọ́ ní Ṣáínà, tó kú ní ọdún 210 ṣáájú ìbí Jésù. Ó ju 1,200 ọdún lọ láàárín òun àti ọba Xixia àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí ère rẹpẹtẹ àti èrò rẹpẹtẹ, kó gba Xi'an lọ.

Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń náwó lé lórí?

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa wá sí Ṣáínà, tẹ́ ẹ sì ní ọ̀sẹ̀ kan péré, a ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ sí Ningxia. Beijing àti Xi'an ló yẹ kẹ́ ẹ lọ. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ní Ṣáínà, tó ti rí Odi Ńlá, tí ariwo àwọn ibi ìgbafẹ́ ti sú, ibí yìí ni kó wá.

Ká má parọ́, ẹni tí kò bá kà nípa Xixia kó tó wá yóò rí òkìtì amọ̀, yóò ya fọ́tò mẹ́ta, yóò sì béèrè bọ́ọ̀sì tó ń padà. A ti rí irú wọn. Ẹni tó bá mọ ìtàn ibẹ̀ ni ahoro yẹn ń bá sọ̀rọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìdáhùn àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí fi gùn ju ti ọkọ̀ àti físà lọ.

Báwo ni mo ṣe máa dé Yinchuan?

Ọkọ̀ òfuurufú wà láti Beijing, bíi wákàtí méjì. Láti Guangzhou, ó ju wákàtí mẹ́ta lọ díẹ̀. Pápákọ̀ òfuurufú Hedong wà ní ìhà kejì Odò Huang He, ní ìlà-oòrùn ìlú, ibojì sì wà ní ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ẹ óò sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ sì kọrí síbẹ̀ tààrà pẹ̀lú ẹrù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Xi'an lọ̀nà yá fún jù. Láti òpin ọdún 2020 ni ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá ti ń lọ láti Xi'an sí Yinchuan, wákàtí mẹ́ta tàbí kó fi díẹ̀ lé ni. Ojú irin la máa yàn láàyò. Ẹ óò rí bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà láti oko aláwọ̀ ewé sí òkè amọ̀ pípọ́n, kó tó di aṣálẹ̀.

Láti Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gba Addis Ababa kọjá sí Guangzhou tàbí Beijing, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ mìíràn.

Físà ńkọ́?

Páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní físà kẹ́ ẹ tó gbéra. Ilé aṣojú Ṣáínà wà ní Àbújá, kọ́ńsúlétì wọn sì wà ní Èkó. Ẹ mú yẹ́lò káàdì dání, nítorí wọ́n lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà.

Ibì kan wà tó ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ ní páṣípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà lè lo àǹfààní ìkọjá wákàtí 240 láì gba físà, àmọ́ àwọn ẹkùn tí wọ́n dárúkọ nìkan ni àǹfààní yẹn bò, Ningxia kò sì sí lára wọn nígbà tá à ń kọ èyí. Shaanxi tí Xi'an wà ní tiẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti Xi'an wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Yinchuan lórí àǹfààní yẹn ti rú òfin, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá dá a dúró lọ́nà. Físà gidi ni kẹ́ ẹ gbà.

Láti Yinchuan, báwo ni mo ṣe máa dé ibi ibojì?

Ó tó 30 kìlómítà tàbí kó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ láti àárín ìlú. Takisí tàbí ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè ló rọrùn jù. Lílọ kì í ṣòro. Bíbọ̀ ni kẹ́ ẹ rò dáadáa, pàápàá tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, torí ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣófo kiri nínú pápá yẹn. Ẹ bá dírẹ́bà tó gbé yín lọ ṣàdéhùn kó dúró dè yín. Owó tẹ́ ẹ máa fi kún un kò tó ohun tí èèyàn ń bínú sí.

Páṣípọ́ọ̀tù ni wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi sílẹ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì. Nínú ọgbà, bọ́ọ̀sì kékeré ló ń gbé àlejò láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kó tó gbé wọn dé Ibojì Kẹta, èyí tó tóbi jù nínú mẹ́sàn-án náà.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Oṣù Karùn-ún tí ooru kò tíì mú, tàbí Oṣù Kẹsàn-án. Oṣù Kẹwàá náà dára, àyàfi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, nígbà tí gbogbo Ṣáínà bá wà ní ìsinmi, tí wọ́n sì dà sójú pópó. Ìsinmi ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún náà rí bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kẹta àti Kẹrin ni ìjì máa ń gbé eruku aṣálẹ̀ wá. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ nílé lè rò pé òun ti mọ eruku, títí yóò fi rí ti Ningxia. Òtútù ìgbà ọ̀gìnnìtìn kò ṣeé fẹnu sọ, ó máa ń rẹlẹ̀ gan-an ju ibi tí omi ti ń di yìnyín lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, oòrùn kò ní ibi tẹ́ ẹ ti máa sá fún un torí kò sí igi, nítorí náà fìlà, omi àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ pọn dandan.

Aago kan ṣoṣo ni gbogbo Ṣáínà ń lò, ti Beijing, tó fi wákàtí méje ṣáájú ti Nàìjíríà. Yinchuan sì jìnnà sí ìwọ̀-oòrùn Beijing, torí náà oòrùn ibẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó wọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, nígbà tí ìtànṣán bá ti dùbúlẹ̀ tí gbogbo ihò àti ìlà ara amọ̀ bá hàn. Ọ̀sán gangan máa ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di àwọ̀ kan náà.

Ṣé WhatsApp àti Google ń ṣiṣẹ́? Báwo ni mo ṣe máa sanwó?

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì Ṣáínà, wọn kì í ṣiṣẹ́, Facebook náà kì í ṣiṣẹ́. Ẹ múra sílẹ̀ láti ilé. Alipay àti WeChat ni wọ́n fi ń sanwó, láti tíkẹ́ẹ̀tì dórí ìgò omi. Ẹ so káàdì báǹkì mọ́ wọn kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ sì dán an wò, torí káàdì náírà lè kọ̀. Ẹ tún mú owó yuan díẹ̀ sápò.

Ẹ má retí pé wọ́n máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Áàpù tó ń túmọ̀ èdè á gbà yín.

Mùsùlùmí ni mí. Kí ni mo máa jẹ?

Ẹ̀yin gan-an lẹ máa gbádùn ibẹ̀ jù. Láti ọdún 1958 ni Ningxia ti jẹ́ ẹkùn àwọn Hui, àwọn Mùsùlùmí Ṣáínà, bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará ibẹ̀ ló sì jẹ́ Hui. Ẹ wo àmì 清真 níwájú ilé oúnjẹ. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, halal ni. Ẹran àgùntàn sísè tí wọ́n ń fi ọwọ́ jẹ ni oúnjẹ tí wọ́n fi ń yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Tíì wọn máa ń ní èso gbígbẹ, ṣúgà òkúta àti èso gójì pupa nínú. Gójì Ningxia lókìkí káàkiri Ṣáínà, ẹ rà á lọ sílé.

Ata wọn kò tó nǹkan. Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe.

Kí ni mo máa kọ́kọ́ wò?

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí yín lọ́kàn padà. Ọ̀pọ̀ ń sáré lọ síbi òkìtì, wọ́n á ní àwọn máa wo ilé yẹn tí àwọn bá ń padà bọ̀, ó sì máa ń ti rẹ̀ wọ́n nígbà náà. Nínú ilé yẹn lẹ ti máa rí ohun tí ìta kò ní mọ́: táìlì aláwọ̀ ewé tó ń dán, orí ẹranko tí wọ́n fi ṣe igun òrùlé lọ́ṣọ̀ọ́, àti ère Kalavinka, ẹ̀dá inú ẹ̀sìn Búdà tó jẹ́ èèyàn lókè tó sì jẹ́ ẹyẹ nísàlẹ̀. Lára òrùlé ibojì ni àwọn ère yẹn wà nígbà ayé wọn. Ẹ tún wò ère òkúta tó kúnlẹ̀, tó ranjú, tó dà bíi pé ẹrù ń pa á. Òkúta àkọlé ọba ló ń gbé lérí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Ibojì Kẹta láti gúúsù, bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ láyé àtijọ́. Ẹ óò kọ́kọ́ rí ilé ìṣọ́ amọ̀ méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Lẹ́yìn wọn ni ìpìlẹ̀ ilé tí òkúta àkọlé wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tó dé àgbàlá tóóró kan tí ère òkúta tò sí. Ẹnubodè odi inú ló tẹ̀ lé e, ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn ìrúbọ wà nínú odi náà, òkìtì gíga yẹn ló wá wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín bẹ́ẹ̀ á mọ̀ pé ààfin ni wọ́n kọ́ fún òkú.

Wọ́n ń pè é ní pírámíìdì Ṣáínà. Ṣé pírámíìdì ni lóòótọ́?

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń polówó ìrìn-àjò nìyẹn. Ohun tó ṣẹ́ kù lónìí rí ṣóńṣó, òun ló fa orúkọ yẹn, àmọ́ ìrísí ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ kò jọ ọ́ rárá. Ilé ìṣọ́ onígun mẹ́jọ ni, alájà púpọ̀, tó ń kéré bó ṣe ń ga. Amọ̀ tí wọ́n gún ní ìpele ìpele ni inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òrùlé onígi tí wọ́n fi táìlì bò yọ jáde yí ká ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ara òkìtì náà dáadáa, ẹ óò rí ihò tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ibẹ̀ ni àwọn igi yẹn ti wọlé. Igi jóná tàbí ó jẹrà, táìlì bọ́ sílẹ̀, amọ̀ ló dúró.

Ẹni tó bá ti rí bí ògiri ilé amọ̀ ṣe ń wó lábúlé wa lẹ́yìn òjò mélòó kan yóò ṣe kàyéfì bí èyí ṣe dúró fún ọdún tó lé ní 800. Òjò ni ìdáhùn. Òjò ọdún kan gbáko ní Yinchuan jẹ́ bíi 200 mìlímítà péré. Amọ̀ náà tún le bí òkúta nítorí bí wọ́n ṣe gún un. Àgbàrá láti orí Òkè Helan ni ọ̀tá tí wọ́n bẹ̀rù jù, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi mọ odi, tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí ọ̀nà rẹ̀.

Ohun kejì tó yà á sọ́tọ̀ ni pé òkú ọba kò sí lábẹ́ òkìtì yẹn. Ìyàrá abẹ́ ilẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ní ìhà gúúsù. Òkìtì náà kò sì sí ní àárín gbùngbùn àgbàlá. Wọ́n sún un sí ìwọ̀-oòrùn díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀. Èyí tó wọ̀ wá létí ni pé ilé ìṣọ́ ẹ̀sìn Búdà ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, torí ẹlẹ́sìn Búdà gidi ni àwọn ọba wọ̀nyí.

Ṣé mo lè wọ inú ìyàrá ibojì?

Rárá. Ojú ilẹ̀ Ibojì Kẹta ni wọ́n ṣe iṣẹ́ lé lórí, wọn kò hú ìyàrá rẹ̀. Ibojì Kẹfà ni wọ́n hú láàárín 1972 sí 1975, ìyàrá rẹ̀ sì jìn tó bíi mítà 25. Àwọn olè ti ṣáájú wọn débẹ̀.

Ṣé kò sí ewu ti ẹ̀mí ní rínrìn láàárín ibojì ọba?

Ìbéèrè yìí máa ń wá, a ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ojúbọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rúbọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ pé kẹ́ ẹ wólẹ̀ fún nǹkan kan. Ẹ̀yin ẹlẹ́sìn ò ní ìdí láti máa ṣiyèméjì. Èèwọ̀ tó wà níbẹ̀, ti ìjọba ni: ẹ má gun òkìtì, ẹ má fara ti ògiri, ẹ má kọjá okùn tí wọ́n ta.

Ta ló sọ ibẹ̀ di ahoro?

Ìtàn náà pọ̀, àwọn Mongol ló sì ń ru ẹ̀bi tó wúwo jù. Láti 1205 ni Genghis Khan, olórí wọn, ti ń kó ogun bá Xixia. Xixia tẹrí ba fún un, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kọ̀ láti fún un ní ọmọ ogun tó béèrè, ìyẹn ló gbé e padà wá ní 1226. Ìlú kọ̀ọ̀kan ń ṣubú títí ó fi ku olú ìlú, ibi tí Yinchuan wà lónìí. Genghis Khan fúnra rẹ̀ kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1227, kí olú ìlú tó ṣí ilẹ̀kùn. Ọba ìkẹyìn jáde wá túúbá, wọ́n sì pa á.

Àwọn onímọ̀ gbà pé ìgbà yẹn ni wọ́n dáná sun ilé orí ibojì, tí wọ́n sì fọ́ àwọn òkúta àkọlé. Ẹ ronú sí èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ilé lè jóná láì ṣe pé ẹnì kan fẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Òkúta ńlá tí wọ́n rún di ẹgbẹẹgbẹ̀rún àfọ́kù gba agbára àti àkókò, ẹni tó ṣe é fẹ́ kí orúkọ inú rẹ̀ parẹ́ ni. Lẹ́yìn wọn ni àwọn olè dé, wọ́n sì ń dé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Àwọn tó ń kọ ìwé ìtàn pàápàá tún ṣe tiwọn. Nígbà tí ìjọba Mongol ní Ṣáínà ní kí wọ́n kọ ìtàn àwọn ìjọba tó ṣáájú ní ọdún 1340 sókè, wọ́n kọ ti Song, wọ́n kọ ti Liao, wọ́n kọ ti Jin. Wọn kò kọ ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún Xixia. Ìwọ̀nba orí díẹ̀ nínú ìwé àwọn mẹ́ta yòókù ni wọ́n fún un. Ọ̀pọ̀ ohun tá a mọ̀ nípa wọn lónìí, láti ẹnu àwọn tó bá wọn jà ni.

Ọba wo ló wà nínú ibojì wo?

Ẹ ṣọ́ra fún atọ́nà tó bá ń dá yín lóhùn kíákíá lórí èyí. Nọ́ńbà ni àwọn onímọ̀ fún àwọn ibojì náà, láti Kìíní dé Ìkẹsàn-án. Ibojì Keje nìkan ni àfọ́kù òkúta sọ ẹni tó ni ín ní pàtó: Renxiao, ọba tó pẹ́ jù lórí oyè, tó kú ní 1193. Ìfojúdíwọ̀n ni ti àwọn yòókù.

Ibojì Kẹta ni wọ́n ń sọ pé ó jẹ́ ti Yuanhao, ọba àkọ́kọ́, torí òun ló tóbi jù. Ìgbésí ayé ọkùnrin yìí kún fún ariwo. Òun ló pàṣẹ pé kí gbogbo ọkùnrin Tangut fá irun wọn bí òun ṣe fẹ́, ikú ni ìjìyà ẹni tó bá kọ̀. Òun ló ní kí wọ́n ṣẹ̀dá àmì ìkọ̀wé fún èdè Tangut, wọ́n sì gbé e jáde ní 1036. Ó fi ara rẹ̀ jọba ńlá ní 1038, ó gba ìyàwó ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọmọ yẹn sì gé imú rẹ̀ ní 1048. Ọgbẹ́ yẹn ló pa á.

Èyí tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, tó sì tún ń ṣe wá láàánú, ni pé ara ọ̀kan nínú àwọn ère tó kúnlẹ̀ yẹn ni wọ́n ti rí orúkọ oníṣẹ́ ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ: Gao Shichang. Orúkọ ọ̀pọ̀ ọba bọ́ lára ibojì wọn. Ti agbẹ́kùúta wà níbẹ̀ kedere.

Ọba mẹ́wàá ló jẹ. Kí ló dé tí ibojì ọba fi jẹ́ mẹ́sàn-án?

Ìṣirò náà kò lọ bẹ́ẹ̀. Méjì nínú orúkọ ibojì mẹ́sàn-án tó wà nínú ìwé ìtàn jẹ́ ti bàbá Yuanhao àti bàbá-bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò fi ara wọn jọba ńlá nígbà ayé wọn, ọmọ ló fún wọn ní oyè yẹn lẹ́yìn ikú. Méje tó kù jẹ́ ti ọba méje àkọ́kọ́. Ọba mẹ́ta tó jẹ kẹ́yìn kò ní orúkọ ibojì kankan nínú ìwé. Ogun ti wọ ilé nígbà tiwọn.

Ṣé àwọn Hui tó wà ní Ningxia ni àtọmọdọ́mọ àwọn Tangut?

Rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi kan náà ni wọ́n ń gbé. Ẹlẹ́sìn Búdà ni àwọn Tangut, èdè wọn sì bá ti Tibet tan. Ìgbà ìjọba Mongol ni Mùsùlùmí pọ̀ sí i lágbègbè yẹn, lẹ́yìn tí Xixia ti ṣubú.

Àwọn Tangut kò parun lọ́jọ́ kan. Àwọn kan sìn lábẹ́ àwọn Mongol, àwọn kan ṣí lọ síbòmíràn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n di ara àwọn ẹ̀yà tó yí wọn ká. Ní Baoding, tí kò jìnnà sí Beijing, òpó òkúta méjì wà tí wọ́n fi àmì Tangut kọ, ọdún 1502 ló sì wà lára wọn. Ìyẹn jẹ́ ọdún 275 lẹ́yìn tí ìjọba wọn ti wó, ẹnì kan ṣì wà tó ń fi àmì wọn kọ àdúrà.

Báwo ni wọ́n ṣe tún mọ àmì Tangut kà?

Àmì náà tó bíi 6,000, wọ́n sì díjú ju ti Ṣáínà lọ. Lójú ẹni tí kò mọ Ṣáínà, wọ́n jọra. Ẹni tó mọ Ṣáínà ni yóò dúró, yóò tún un wò, tí kò sì ní lè ka ẹyọ kan.

Láàárín 1908 sí 1909, ará Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Pyotr Kozlov hú ìwé rẹpẹtẹ jáde ní Khara-Khoto, ìlú Xixia kan tí iyanrìn ti bò, ó sì kó wọn lọ sí Saint Petersburg. Ìwé kékeré kan wà nínú wọn tí ọmọ Tangut kan ṣe ní 1190, tó fi ọ̀rọ̀ Tangut àti ti Ṣáínà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n. Láti ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ṣé mo lè mú àfọ́kù táìlì kan lọ sílé? Ṣé mo lè fò dróònù?

Ẹ má ṣe dán èkíní wò. Àfọ́kù wà nílẹ̀ lóòótọ́, ẹnikẹ́ni sì lè má sí nítòsí, àmọ́ òfin Ṣáínà lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò mọ eré, wọ́n sì máa ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú. Àlejò tó wá láti òkè òkun kò ní rí àlàyé ṣe.

Ti dróònù, ẹ gba ìwé àṣẹ tàbí kẹ́ ẹ fi í sílé. Ẹ tún ṣọ́ ibi tẹ́ ẹ ń kọjú kámẹ́rà sí lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ológun kò ṣàjèjì níbẹ̀: níbi táwọn ológun ti ń kọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ní 1972 ni wọ́n ti hú àwọn nǹkan tó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ya bo àgbègbè yẹn.

Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn lè fẹ́ bá yín ya fọ́tò, torí aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ gbà tó bá wù yín, ẹ fi ẹ̀rín kọ̀ tí kò bá wù yín.

Mo ní ọjọ́ kan sí i. Níbo ni mo tún lè lọ?

Helankou, níbi tí àwọn èèyàn àtijọ́ ti gbẹ́ àwòrán sára àpáta: ojú èèyàn, ẹranko, ọwọ́. Àwọn àwòrán náà dàgbà gan-an ju Xixia lọ.

Tí ti Xixia bá ti wọ̀ yín lára, ẹ lọ sí Baisikou, kẹ́ ẹ rí ilé ìṣọ́ Búdà méjì tó dúró ní ẹnu àfonífojì. Láti ibẹ̀ lẹ óò mọ bí òkìtì ibojì ṣe rí kí ó tó bọ́ṣọ. Ilé ìṣọ́ mìíràn wà ní àfonífojì Baisigou lágbègbè yẹn tí àwọn olè fi ìbúgbàù wó ní 1990. Nígbà tí wọ́n ń tú àwókù rẹ̀, wọ́n rí ìwé Tangut kan tí wọ́n fi lẹ́tà onígi tó ṣeé tò tó sì ṣeé tú tẹ̀. Ó wà lára ìwé tó dàgbà jù lágbàáyé nínú irú rẹ̀.

Mi ò lè dé Ningxia. Ṣé ibòmíràn wà tí mo ti lè rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn?

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Odi Ńlá láti Beijing, ẹ gba ti Juyongguan. Ẹnu ọ̀nà òkúta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n parí ní 1345, wọ́n sì fi oríṣi ìkọ̀wé mẹ́fà kọ àdúrà sára ògiri inú rẹ̀. Tangut jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba ibẹ̀ kọjá láì gbójú sókè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, British Library ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún àjákù ìwé Xixia tí awalẹ̀pìtàn Aurel Stein kó láti Khara-Khoto ní 1914. Wọ́n ti ya ọ̀pọ̀ nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá Khara-Khoto nínú àkójọ International Dunhuang Programme.